Nígbà Tí Iná Lọ, Ìràwọ̀ Yọ

Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná gbogbo orílẹ̀-èdè Nàìjíríà kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Sabon Gari tí à ń gbé ní Kano, ìyẹn kì í ṣe ìròyìn mọ́. Ohun tó ṣàjèjì ni pé jẹnẹrétọ̀ kò dún bó ṣe máa ń dún. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ilé ló ń fi ìwọ̀nba epo tó kù sínú kẹ́ẹ̀gì pamọ́ de ìgbà tí nǹkan bá le. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ, òkùnkùn ti bo gbogbo àdúgbò. Ooru lé wa jáde, a tẹ́ ẹní sí àgbàlá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa, ọmọ ọdún méje, dùbúlẹ̀ ó kọjú sókè. Ó dákẹ́ títí, ìdákẹ́jẹ́ tí kì í ṣe ti ẹ̀, kó tó wá béèrè pé: "Àǹtí, ta ló tan gbogbo èyí?"

A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà la rántí pé Kano ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti ń dàgbà, àárín iná ṣọ́ọ̀bù, iná ilé epo àti iná ògiri onílé wa. Ó ti yàwòrán ìràwọ̀ nílé ìwé, onígun márùn-ún, ó sì kùn ún ní yẹ́lò. Èyí tó wà lókè yìí kò jọ ọ́.

Ìyá wa ló dá a lóhùn. "Ìràwọ̀ ni, ọmọ mi. Ibẹ̀ ni wọ́n wà kí wọ́n tó bí ìyá tó bí ìyá mi." Wọ́n na ọwọ́ sápá ìwọ̀-oòrùn, sí ọ̀kan tó tàn ju gbogbo àwọn yòókù lọ. "Ìyẹn ni àgùàlà. Ó máa ń bá oṣù rìn, àwọn èèyàn á ṣe bí ajá oṣù ni. Àgùàlà kì í ṣajá oṣù." Wọ́n tún wá àyíká ojú sánmọ̀ kiri fún ìràwọ̀ mìíràn, èyí tí bàbá wọn máa ń wò kí wọ́n tó mọ̀ pé àkókò ti tó láti ro ilẹ̀. Wọn ò rí i, orúkọ rẹ̀ náà kò sì wá. "Ó wà lẹ́nu mi o," ni wọ́n ń sọ. Àbúrò bàbá wọn tó lè mọ orúkọ ọ̀hún ti kú láti ọdún 2011.

Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ èdè, irú nǹkan báyìí kì í jẹ́ ká sùn. Iná dé ní ìdájí, àdúgbò pariwo "Úp NẸ́PÀ!", ojú sánmọ̀ sì padà di aṣọ eérú tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. A jókòó ti kọ̀ǹpútà, a bẹ̀rẹ̀ sí wá ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ nípa ọ̀rọ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ìdí àpérò kan tí wọ́n ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ kárùn-ún sí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ni àpérò náà wáyé. Ọ́fíìsì àjọ ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè àgbáyé tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òfurufú, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé, àti ìjọba orílẹ̀-èdè Sípéènì ló jọ pè é. Erékùṣù La Palma ni wọ́n fẹ́ ti ṣe é tẹ́lẹ̀ lọ́dún náà. Kòrónà dé, ẹnikẹ́ni kò lè wọ bàálù mọ́, ni wọ́n bá gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n pín iṣẹ́ sọ́nà márùn-ún: ibi tó yẹ ká dá òkùnkùn sí, iṣẹ́ àwọn tó ń fi awò awọ̀nàjíjìn wo ìràwọ̀, ìlera èèyàn àti ẹranko, àwọn sátẹ́láìtì tó ń pọ̀ lókè, àti àwọn ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn rédíò láti ojú ọ̀run. Ìjábọ̀ wọn gùn, ó sì le láti kà. Àmọ́ ohun kan ṣoṣo ló gbà wá lọ́kàn níbẹ̀: kí la lè ṣe kí ìmọ́lẹ̀ máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, kó má sì ba òkè jẹ́?

Ká tó máa lọ, a ní láti fún un lórúkọ. Àwọn kan ti ń túmọ̀ rẹ̀ sí "ìdọ̀tí ìmọ́lẹ̀", ìyẹn kò sì tẹ́ wa lọ́rùn, torí ó máa dà bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún ló dọ̀tí. Ìmọ́lẹ̀ tí a ń sọ yìí mọ́ rekete. Ibi tí kò yẹ kó lọ ló lọ. Gílóòbù tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín, ìdajì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè má kan ilẹ̀ rárá: apá kan wọ yàrá aládùúgbò, apá kan gba òkè lọ, ó kọlu eruku àti ìrì tó wà nínú afẹ́fẹ́, ó sì fọ́n káàkiri. Ìfọ́nká yẹn ló ń kun ojú sánmọ̀ ìlú ńlá, tí ìràwọ̀ kò fi hàn. "Ìmọ́lẹ̀ aṣìnà" la máa pè é nínú àpilẹ̀kọ yìí. Bí ẹ̀yin òǹkàwé bá ní orúkọ tó dáa jù, a ṣe tán láti gbà á.

Ẹ jẹ́ ká padà sí La Palma, nítorí ibẹ̀ kì í ṣe aginjù. Àwọn èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin, wọ́n ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ní ọjà, wọ́n ní títì, wọ́n ń bí ọmọ. Àárín òkun Àtìláńtíìkì, létí Áfíríkà, ni erékùṣù náà wà, àwọn awò awọ̀nàjíjìn ńláńlá sì wà lórí òkè rẹ̀, níbi tí wọ́n ń pè ní Roque de los Muchachos. Ní ọdún 1988, ìjọba Sípéènì ṣòfin láti dáàbò bo ojú sánmọ̀ ibẹ̀. Òfin náà kò ní kí ẹnikẹ́ni jókòó sínú òkùnkùn. Ó ní kí iná títì máa kọjú sílẹ̀, kí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti iná àtùpà, kí àwọn iná tí kò pọn dandan sì kú nígbà tí òru bá jìn. Títì wọn pọ́n rẹ́súrẹ́sú lálẹ́, bí ìgbà tí èèyàn jókòó ti àtùpà nínú yàrá, wọ́n sì ń rìn nínú rẹ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún.

Ibòmíràn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ kan tẹ àwòrán ilẹ̀ ayé jáde tó fi hàn pé èèyàn tó ju ọgọ́rin lọ nínú ọgọ́rùn-ún ló ń gbé lábẹ́ ojú sánmọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ aṣìnà ti bà jẹ́. Ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ aráyé kò lè rí ìlà funfun gbọọrọ tó la ojú ọ̀run já láti ibi tí wọ́n ń gbé, ìlà tó jẹ́ pé àìlóǹkà ìràwọ̀ ló para pọ̀ di í. Ní ọdún 2023, ìwádìí mìíràn jáde, èyí tó lo ohun tí àwọn èèyàn lásán fi ojú ara wọn rí, ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ìgbà tí wọ́n wòkè tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ láàárín ọdún 2011 sí 2022. Wọ́n rí i pé ojú sánmọ̀ ń mọ́lẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Ọmọ tí wọ́n bá bí síbi tí èèyàn ti lè rí igba ó lé àádọ́ta ìràwọ̀, tó bá fi máa pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ọgọ́rùn-ún péré ló máa rí. Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó wòkè náà ń gbé. Tiwa nílẹ̀ Áfíríkà kò pọ̀ nínú rẹ̀.

Ọmọ tiwa tó béèrè ẹni tó tan ìràwọ̀, kò dá nìkan wà. Lóṣù Kìíní ọdún 1994, ilẹ̀ mì tìtì ní Northridge, lágbègbè Los Angeles ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ ò tíì mọ́, iná ìlú sì kú. Àwọn èèyàn sá jáde sí títì, wọ́n gbójú sókè. Àwọn kan nínú wọn pe ilé awò ìràwọ̀ Griffith, wọ́n ń béèrè pé kí ló ṣe ojú sánmọ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì. Àgbàlagbà ni wọ́n o. Ojú ọ̀run gan-an ló hàn sí wọn.

A mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń rò níbi tí ẹ ti ń kà á yìí, torí àwa náà rò ó: àwa tí a kò rí iná lò, tí a ń ṣàdúrà kí iná dé, ẹ tún fẹ́ ká dín ìmọ́lẹ̀ kù? Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó ń bímọ lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn tí kò níná, ọmọ tó ń kàwé lábẹ́ fìtílà, ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun lẹ́bàá títì, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n nílò, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ìràwọ̀ dù wọ́n. Ohun tó jẹ́ ká máa bá ọ̀rọ̀ yìí lọ ni pé iná ti ń dé, kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ NẸ́PÀ nìkan. Sólà ló ń gbé e bọ̀. Láti Kano dé Ìbàdàn, láti Cotonou dé Lomé, àwọn ìjọba ń ri òpó iná sólà mọ́ títì, àwọn onílé ń ra iná alágbára mọ́ ògiri, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ni oríṣi funfun báláú tó ń gún ojú. Ohun tí Yúróòpù ń náwó lé lórí báyìí láti tún ṣe, àwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra tiwa. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra nǹkan lọ́jà lè yan èyí tó fẹ́.

Ibì kan sì wà nílé wa níbi tí wọ́n ti mọ ìmọ́lẹ̀ aṣìnà dáadáa, láìsí iná mànàmáná. Ní Niger Delta, ọ̀wọ́ iná gáàsì ń jó tọ̀sán tòru lẹ́bàá àwọn abúlé kan, láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí wa epo. Láti òkè, àwọn sátẹ́láìtì ń rí wọn kedere. Òfin ọdún 1979 ní kí wọ́n dáwọ́ jíjó gáàsì dúró tó bá fi máa di ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1984. Ní ọdún 2005, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Benin City dájọ́ pé jíjó gáàsì bẹ́ẹ̀ tako ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú láti wà láàyè. Iná náà ṣì ń jó. Àwọn ọmọ kan ti dàgbà níbẹ̀ tí wọ́n ti di òbí, tí òru kò tíì ṣú sí wọn lójú dáadáa rí nínú abúlé wọn, síbẹ̀ kò sí iná tí wọ́n lè fi lọ aṣọ nínú ilé. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ òkùnkùn jẹ́ ọ̀rọ̀ olówó, àwọn la máa ń rántí.

Kí ló wá ń ṣe ara? Ojú wa kì í ṣe fún ìríran nìkan. Àwọn ẹ̀yà kan wà nínú rẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti sọ fún ọpọlọ bóyá ilẹ̀ mọ́ àbí ilẹ̀ ṣú, àwọ̀ búlúù tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n sì ń gbọ́ jù. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ọpọlọ a tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní melatonin sínú ẹ̀jẹ̀, ara a mọ̀ pé oorun ti tó. Iná funfun báláú àti ojú fọ́ọ̀nù kún fún búlúù yẹn, wọ́n ń tan ọpọlọ jẹ pé ọ̀sán ni. Ó máa ń mú ọmọdé ju àgbà lọ, torí ojú wọn ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ju tiwa lọ. Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín kì í tètè sùn, ẹ wo iná tó wà nínú yàrá náà kí ẹ tó sọ pé ọmọ ń ṣoríkunkun.

Àwọn ẹranko ńkọ́? Gbogbo wa la ti rí èsúnsún tí òjò bá dá, bí wọ́n ṣe ń ya bo gílóòbù títí ìyẹ́ wọn á fi já. A ń fi wọ́n jẹun, inú wa ń dùn. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni iná ṣe ń fa àwọn kòkòrò òru mìíràn tí ń lọ láti òdòdó sí òdòdó. Ní Switzerland, àwọn onímọ̀ tan iná sí àwọn pápá kan, wọ́n fi àwọn mìíràn sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Níbi tí iná wà, ìbẹ̀wò kòkòrò òru sí òdòdó fi ìdá méjìlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, irúgbìn sì so díẹ̀. Tanátaná, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò lè ríran gbọ́ ìpè níbi tí iná bá ti pọ̀. Ìgbà wo lẹ rí ọ̀kan gbẹ̀yìn? Ní etíkun wa láti Èkó dé Grand-Popo, títí kan Tógò àti Gánà, ìjàpá òkun ń gòkè wá yé ẹyin sínú iyanrìn lóru. Tí àwọn ọmọ bá pa, ibi tó bá mọ́lẹ̀ jù ni wọ́n ń sáré lọ, nítorí láti àtètèkọ́ṣe, ojú òkun lábẹ́ ìràwọ̀ ló máa ń mọ́lẹ̀ ju ilẹ̀ lọ. Báyìí, ilé ọtí àti òtẹ́ẹ̀lì ló mọ́lẹ̀ jù.

Olè ni ọ̀rọ̀ tó kù, òun ló sì wúwo jù nínú ilé wa. A ò fẹ́ fi ẹ̀tàn bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ní New York, wọ́n gbé iná kún àwọn ilé gbígbé ìjọba kan, ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń hù níta lálẹ́ sì fi ìdá mẹ́rìndínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ní England àti Wales, wọ́n wo àwọn ìjọba ìbílẹ̀ méjìlélọ́gọ́ta tó pa iná títì kan tàbí tó dín agbára rẹ̀ kù lóru, wọn kò rí ẹ̀rí pé ìwà ọ̀daràn tàbí ìjàǹbá ọkọ̀ lé sí i. Bí a ṣe rò ó sí ni pé iná tó dáa níbi tó yẹ ń ṣèrànwọ́, iná tó ń gún ojú kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é. Ẹ dán an wò nílé yín: ẹ dúró sí géètì, kí ẹ kọjú sí iná alágbára tó wà lórí ògiri, kí ẹnì kan wá dúró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ ò ní rí i. Òjìji dúdú bí ihò ni iná náà dá sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀, ibẹ̀ gan-an lolè máa fẹ́ dúró sí.

Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ yí iná kọjú sílẹ̀, kí ẹ fi ìbòrí sí i lórí kó má gba òkè lọ. Tí ẹ bá fẹ́ ra gílóòbù, ẹ yẹ ara páálí rẹ̀ wò: nọ́ńbà kan máa wà níbẹ̀ tí lẹ́tà K tẹ̀lé. 6500K ni funfun báláú. 2700K tàbí 3000K ló jọ ti àtùpà, iye kan náà sì ni wọ́n sábà ń tà á lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta iná lọ́jà wa. Oríṣi tó máa ń tàn nígbà tí ẹnì kan bá kọjá nìkan náà wà, ó ń dá bátìrì sólà sí, ó sì ń ta ẹni tó ń sùn lólobó pé nǹkan kan ń rìn níta.

Ti sátẹ́láìtì, a kò ní pẹ́ níbẹ̀. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni Starlink kọ́kọ́ gbé ọgọ́ta sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún láti ìgbà náà. Àwọn tó ń ya àwòrán ìràwọ̀ ń rí ìlà funfun wọn tó ń gba inú àwòrán kọjá. Ọ̀rọ̀ rédíò náà kàn wá nítòsí: ní Kuntunse, lẹ́bàá Accra, Gánà sọ àwo ńlá kan tí wọ́n fi ń gba ìpè tẹlifóònù tẹ́lẹ̀ di ẹ̀rọ tó ń tẹ́tí sí ojú ọ̀run, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 2017. Ó nílò ìdákẹ́jẹ́ bí awò ṣe nílò òkùnkùn. Ṣùgbọ́n irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ náà ló ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ yín fi ń ka àpilẹ̀kọ yìí, nítorí náà a ò ní ṣe ojú ayé.

Lórí ọ̀rọ̀ orúkọ tí ìyá wa gbàgbé, a wá inú àwọn àkọsílẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún nípa èdè Yorùbá. A rí àgùàlà níbẹ̀. A rí ìràwọ̀ ọkọ̀ pẹ̀lú, ìyẹn ìràwọ̀ tó tàn jù lójú ọ̀run òru, tí wọ́n ní àwọn atukọ̀ ń wò láti mọ ọ̀nà. A kà á fún wọn. Wọ́n ní kì í ṣe òun, bàbá wọn kò wa ọkọ̀ rí. Èdè tó ya ìrọ̀lẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àṣálẹ́, tó ya alẹ́ kúrò lára òru, tó ya ọ̀gànjọ́ kúrò lára ìdájí, dájúdájú ó ní orúkọ fún ohun tó wà lókè ní àwọn wákàtí wọ̀nyẹn. Bí bàbá tàbí ìyá àgbà bá wà nílé yín, ẹ mú wọn jáde síta lálẹ́ ọjọ́ tí iná bá lọ, kí ẹ béèrè, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ ránṣẹ́ sí wa, pẹ̀lú orúkọ ìlú wọn.

Àwa ti lọ bá onílé wa. Ọmọ Ọ̀ffà ni Alhaji, wọ́n ti lé ní ogójì ọdún ní Kano, àwọn ló sì fi ọwọ́ ara wọn kan iná mẹ́rin mọ́ ògiri. A kúnlẹ̀, a ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ wa tán, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìwé yìí, nítorí ìràwọ̀?" A ní, "Nítorí oorun àwọn ọmọ náà ni, Alhaji." A mú wọn lọ sí géètì, a ní kí maigádì lọ dúró sábẹ́ iná. Wọ́n fi ọwọ́ bojú, wọ́n wò ó títí. "Ibo ló wà?" Maigádì dáhùn láti inú òjìji.

Wọ́n ti jẹ́ kí a yí méjì kọjú sílẹ̀, kí a sì pààrọ̀ gílóòbù wọn. Méjì tó kù, wọ́n ní oṣù kan làwọn máa fi ṣọ́ ọ ná. Oṣù náà kò tíì pé.